Ọmọ Tó Fẹ́ Ṣe Kẹ́míìsì

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa ní kí n wá sọ bí mo ṣe fi ayé mi ṣiṣẹ́ oògùn, nítorí pé àwọn kan nínú yín náà ń ronú àtiṣe é. Mo ti gbọ́ ìbéèrè tó wà lẹ́nu yín: kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló lórúkọ jù, tí èèyàn bá gba ibẹ̀ kọjá, tí yunifásítì yóò tètè gbà á fún Pharmazie, ẹ̀kọ́ oògùn? Màá dáhùn, ṣùgbọ́n ẹ máa fara balẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ irú ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Bí ẹnìkan bá rẹ́rìn-ín sí mi nínú U-Bahn, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, báàgì mi ni mo máa ń fọwọ́ tẹ̀. Bí pásítọ̀ bá ní kí a dijú gbàdúrà, mo máa ń la ọ̀kan sílẹ̀. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, máa ń sọ pé tí mo bá dé ọ̀run, màá ní kí áńgẹ́lì tó bá ṣílẹ̀kùn fi ìwé ẹ̀rí hàn mí ná. Kò parọ́ mọ́ mi. Ìfura loògùn àgbà, apòògùn sì ni mí.

Ikú ìyá wa ló kọ́kọ́ sọ mí dà bẹ́ẹ̀. Ibà lásán ló mú un ní Ṣàgámù. Àbúrò mi, Bọ́sẹ̀, sáré lọ ra oògùn ní kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta wa. Páálí oògùn náà mọ́ tónítóní, àkọlé rẹ̀ hàn ketekete. Ìyá wa lò ó bí wọ́n ṣe ní kó lò ó, ó lò ó tán, kò sì dìde mọ́. Kò sí oògùn kankan nínú oògùn náà. Hamburg ni mo wà nígbà náà, n kò tíì pẹ́ ní ìlú yìí, n kò tilẹ̀ lè lọ sìnkú. Títí di òní n kò tíì dárí ji ẹni tó ṣe é, ẹ má sì bá mi bẹ̀bẹ̀ fún un.

Ìgbà náà ni mo pinnu pé iṣẹ́ oògùn ni màá ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ ti ilé wá mọ̀ pé WAEC wa nìkan kì í ṣílẹ̀kùn yunifásítì níbí. Èèyàn ní láti kọ́kọ́ lọ sí Studienkolleg, ilé ìwé ìgbáradì, kó sì yege nínú ìdánwò wọn. Obìnrin kan ní ìjọ Aládùúrà tí mò ń lọ ní Hamburg ní òun mọ ti aládàáni kan tí kì í ṣe ìdánwò ìwọlé rárá.

Mo bi í pé, "Yunifásítì wo ló ń gba ìwé wọn?"

Ó ní, "Ìwọ náà, ìbéèrè ẹ ti pọ̀ jù. Ṣebí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣá ni."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí yunifásítì fúnra mi, mo bi wọ́n. Wọ́n ní àwọn kò mọ ilé ìwé náà rí. Mo lọ jókòó ṣe ìdánwò ìwọlé sí ti ìjọba, mo fìdí rẹmi, mo tún un ṣe, mo wọlé. Bí mo ṣe rí iṣẹ́ lẹ́yìn yunifásítì àti iye tí wọ́n ń san fún mi, ẹ jẹ́ ká fò ó. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, etí yín máa ń là sí ọ̀rọ̀ owó jù.

Ọ̀dọ̀ Frau Behnke ni mo ti kọ́ṣẹ́ lójú iṣẹ́, ní Apotheke rẹ̀, ilé oògùn rẹ̀, ní Lurup, àdúgbò kan ní Hamburg. Obìnrin gíga ni, ó gbẹ, ó sì máa ń so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó gbé ìgò kan fún mi, ìyẹ̀fun funfun wà nínú rẹ̀.

Ó ní, "Kí nìyí?"

Mo ka àkọlé ara ìgò náà fún un.

Ó ní, "Ohun tí wọ́n kọ sí i lo kà yẹn. Ohun tó jẹ́ ni mo béèrè."

Bí iṣẹ́ wa ṣe rí nìyẹn. Òfin ìlú yìí ni pé ohunkóhun tí wọ́n bá kó wá sí Apotheke fún oògùn pípò, apòògùn gbọ́dọ̀ dán an wò kó tó lò ó, kó dá a lójú pé ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. À ń yọ́ ọ, à ń pò ó mọ́ omi, à ń kán nǹkan sí i ká lè wo àwọ̀ tí yóò yọ. Òfin yìí kò tó Frau Behnke. Ó máa ń da ìyẹ̀fun kan sínú ìgò òmíràn kó lè mú mi, á wá ká ọwọ́ sáyà lẹ́nu ọ̀nà, á máa wò mí. Ó débi pé mo máa ń tọ́ ṣúgà wò kí n tó fi sí kọfí. Lọ́jọ́ kan ó sú mi. Mo ní ilé iṣẹ́ kan náà ló ń kó ẹrù wá láti ọjọ́ pípẹ́, wọn kò sì ṣàṣìṣe rí.

Ó ní, "Àwọn náà máa ń tòògbé."

Ẹni tó tòògbé kò jìnnà. Ọkùnrin kan wà tí à ń pè ní Herr Lüders, ó ti pẹ́ níbẹ̀ jù mí lọ, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó fẹ́ da ìyẹ̀fun kan tí a máa ń pò sí ìpara tó ń tu awọ lára kún inú ìgò rẹ̀. Èyí tó ń bó èékánná ẹsẹ̀ àti àtẹ́lẹsẹ̀ líle ló dà sí i. Funfun ni méjèèjì. Kò dán an wò. A po ìpara, a tà á fún àwọn arúgbó àdúgbò, títí bàbá kan fi wọlé wá tí ojú rẹ̀ ti bó, tó pọ́n bí ẹran tútù. Frau Behnke wo ojú bàbá náà, ó gba ike ìpara lọ́wọ́ rẹ̀, ó tọ́jú bàbá náà, ó sì ti ilẹ̀kùn Apotheke lọ́sàn-án gangan. Ó pín ilé àwọn oníbàárà wa láàárín àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní ká lọ gba gbogbo ìpara náà padà, ilé dé ilé.

Mo kan ilẹ̀kùn ìyá àgbàlagbà kan nínú ilé alájà púpọ̀ kan. Ó ṣí i díẹ̀, kò tú ṣéènì. Mo ṣàlàyé pé Apotheke ló rán mi, mo fẹ́ gba ìpara tó rà, ó léwu. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀.

Ó ní, "Ta ni kò lè wọ ẹ̀wù funfun?"

Mo ní kó jẹ́ kí n fún un ní nọ́ńbà Apotheke, kó pè wọ́n.

"Nọ́ńbà tí ìwọ bá fún mi? Ẹgbẹ́ rẹ ni yóò gbé e."

Ó pa ilẹ̀kùn dé. Mo ń gbọ́ ọ nínú ilé, ó ń wá awò ojú rẹ̀, ó ń ka nọ́ńbà tó wà lára ike ìpara rẹ̀ sókè, ó ń tẹ fóònù. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Inú ń bí mi. Ó lè jẹ́ pé àwọ̀ mi ló ń fu ú lára, n kò lè búra pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń dúró, ìbínú náà ń rọlẹ̀, nítorí pé ohun tí mò ń fi ìyẹ̀fun ṣe lójoojúmọ́ ló ń fi mí ṣe yẹn. Ìyá wa ì bá ti fura bẹ́ẹ̀, ì bá wà láàyè. Nígbà tó yá, ó tú ṣéènì, ó na ìpara náà sí mi, kò sọ pé kí n má bínú. Mo sọ fún Frau Behnke. Ó wo Herr Lüders, ó ní, "Obìnrin yẹn ló yẹ kí n ti gbà síṣẹ́."

Ojú bàbá yẹn san. Herr Lüders fúnra rẹ̀ ló fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọkọ mi gbé wa wá sí Berlin, mo sì ṣiṣẹ́ ní Apotheke kan ní Reinickendorf títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ibẹ̀ ni irinṣẹ́ ti yí padà mọ́ mi lọ́wọ́. Odó kékeré tí mo fi ń lọ oògùn di ohun ọ̀ṣọ́ nínú fèrèsé. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ń lọ mú oògùn lórí pẹpẹ fúnra rẹ̀, tó ń jù ú sílẹ̀ níwájú wa. Wọ́n tún gbé òmíràn wá tó ń tan iná sí ìyẹ̀fun, tó sì ń dárúkọ rẹ̀ kí èèyàn tó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìwé tí dókítà ń kọ oògùn sí pàápàá kúrò nílẹ̀, ó wọ inú káàdì. Tí ẹ̀rọ bá dárúkọ ìyẹ̀fun tán, mo máa ń yọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ wò. Ọ̀gá mi, ọmọkùnrin tí mo lè bí, máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé ṣé mo rò pé ẹ̀rọ ń parọ́ ni. Mo ní rárá, àmọ́ èèyàn ló kọ́ ọ lọ́rọ̀.

Mo ti fẹ̀yìn tì tán nígbà tí Bọ́sẹ̀ rán ọmọ rẹ̀, Mofẹ́, wá sí Berlin. Láti kékeré lọmọ náà ti ń sọ pé ilé oògùn tí ẹnikẹ́ni kò ní bẹ̀rù láti rà níbẹ̀ lòun fẹ́ ṣí sí ìkóríta yẹn, níbi tí wọ́n ti pa ìyá àgbà òun. Bọ́sẹ̀ ta ilẹ̀ tó ní kí ọmọ náà lè wá. Brọ́dà Táyọ̀ ìjọ wa ló bá wọn wá Studienkolleg. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó ń ṣe, ó sì máa ń ran àwọn ará ilé lọ́wọ́ lórí ọ̀rọ̀ ilé ìwé láìgba nǹkan. Àìgba nǹkan yẹn gan-an ló kọ́kọ́ fu mí lára. Bàtà rẹ̀ sì tún ń dán jù.

Mofẹ́ ń gbé nínú ilé gogoro àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Lichtenberg, nítòsí kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀, ó sì máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn bí oṣù mélòó kan tó ti wọlé, mo bi í ohun tí wọ́n ń kọ́ wọn.

Ó ní, "Mọ́mì Berlin, Mathe ni o, Physik, Chemie, then Deutsch, èdè wọn. Mathe yẹn ò easy rárá."

"Bio ńkọ́?"

"Bio kẹ̀? Wọn ò ṣe Bio fún wa. T-Kurs ni tiwa."

Mo gbé ṣíbí mi kalẹ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa, torí òun ni ìdáhùn ìbéèrè yín. Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà, ọ̀nà ju ẹyọ kan lọ. M-Kurs ni ti àwọn tó ń lọ ṣe dókítà àti oògùn. T-Kurs ni ti àwọn ẹnjiníà, ti oníṣirò, ti oníkẹ́mísírì. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Mofẹ́ dára, ti ìjọba ni, àkọlé rẹ̀ pé. Ohun tó wà nínú ìgò ni kì í ṣe oògùn.

"Ta ló fi ẹ́ sí T?"

"Brọ́dà Táyọ̀ ló bá wa fill ẹ̀. Mi ò mọ ìyàtọ̀ ẹ̀, Mọ́mì. Chemie wà níbẹ̀. Ṣebí kẹ́mísírì la fi ń ṣe oògùn?"

N kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ náà. Mo ti dájọ́ fún Táyọ̀ lọ́kàn mi. Mo ní ó dájú pé àyè ṣófo ní T, pé ẹnìkan ń fún un ní nǹkan lórí ọmọ tó bá kó wá. Bí ìsìn ṣe parí lọ́jọ́ Ìsinmi, mo ká a mọ́ ibi tí a ń fi kóòtù kọ́ sí.

Mo ní, "Táyọ̀, kí ni ìyá Mofẹ́ ní kó o bá òun wá?"

"Ẹ káàsán, Mọ́mì. Chemie now. Ohùn wọn ṣì wà lórí fóònù mi, ẹ jẹ́ kí n play ẹ̀ fún yín."

Ó tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ ohùn àbúrò mi: "Brọ́dà Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kẹ́míìsì lọmọ mi fẹ́ ṣe o, bíi ti ẹ̀gbọ́n mi."

Táyọ̀ ní, "Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Chemist. Chemiker. Mo wá fi Chemie sí i. Kí ló burú ńbẹ̀?"

"Táyọ̀, ilé oògùn ló ń jẹ́ kẹ́míìsì."

"Apotheke nìyẹn now, Mọ́mì. Ta ló ń pe Apotheke ní chemist?"

"Gbogbo Nàìjíríà."

Ó ní, "Mọ́mì, Lurup ni wọ́n bí mi sí."

Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, a di odindi. Ó dénú Táyọ̀ lóòótọ́, ó sì di odindi, ṣùgbọ́n odindi ọ̀rọ̀ mìíràn ni. Kí n má purọ́ fún yín, ó dùn mí pé n kò rí olè mú. Mo pe Bọ́sẹ̀, mo ṣàlàyé fún un.

Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí kẹ́míìsì máa ṣe mí báyìí."

Ẹkún sọ lójú mi. Láti ọjọ́ tí ìyá wa ti kú, n kò bá a sọ ọ̀rọ̀ páálí oògùn yẹn rí, n kò mọ̀ pé ó ṣì ń gbé e kiri. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ti ìṣáájú pàápàá kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀.

Ohun tó kù ni ohun tí Mofẹ́ máa ṣe. Kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ ní M-Kurs ti kún, kò sì sí pípààrọ̀ mọ́. Táyọ̀ wá sílé mi, ojú ń tì í.

Ó ní, "Ẹ jẹ́ kó parí T yìí jẹ́jẹ́. Á wọlé sí Chemie, tó bá yá á wá wechseln, á yí sí Pharmazie."

Èmi kò gba "tó bá yá" gbọ́. Mo ní kí Mofẹ́ lọ ṣe ìdánwò ìwọlé sí M-Kurs ní Hamburg, kó tún un bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: tó bá fi T sílẹ̀, tí Hamburg kò sì gbà á, ọwọ́ rẹ̀ ṣófo nìyẹn. Físà ìgbáradì kì í dúró de èèyàn títí. Á padà sí Ṣàgámù, ilẹ̀ ìyá rẹ̀ ti lọ. Tó bá sì dúró sí T, tó jẹ́ pé irọ́ ni ọ̀rọ̀ Táyọ̀, ilé oògùn ìkóríta yẹn ti parí. Ọmọ náà jókòó láàárín wa, ó ń wo èmi, ó ń wo Táyọ̀.

Mo kọ nọ́ńbà ẹnìkan fún un, obìnrin tí a jọ kàwé, tó ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní yunifásítì. Mo ní kó pè é, á sọ òótọ́ fún un. Mofẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì gba ìwé náà, ó wò ó, ó fi í sórí tábìlì.

Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ẹ̀yin lẹ fún mi ní nọ́ńbà yìí. Ọ̀rẹ́ yín ni. Ohun tẹ́ ẹ bá sọ ló máa sọ."

Táyọ̀ wolẹ̀. Inú bí mi, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ̀. Lójú mi báyìí, nínú ilé mi! Mofẹ́ ti bọ́ sí balùkóńì. Ó wá nọ́ńbà yunifásítì fúnra rẹ̀, ó pè wọ́n, ó ń fi German rẹ̀ tó ń kọsẹ̀ béèrè. Nígbà tó gbọ́ ìdáhùn tán, ó pe yunifásítì mìíràn, ó tún béèrè bákan náà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ẹ̀yìn gíláàsì, mo sì rí i pé mo tún ti dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ní Lurup, tí ìyá àgbàlagbà kan ń ka nọ́ńbà sókè. Ìbínú mi rọlẹ̀ kíá ju ti ọjọ́ yẹn lọ.

Ó wọlé. Ó ní, "Àwọn méjèèjì ní ìwé T ò lè wọ Pharmazie. Mo ní orúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ńkọ́, wọ́n ní àwọn ò wo orúkọ. Kí ìjọba ti mọ̀ ọ́n, kó jẹ́ M, kí máàkì sì dáa. Finish." Ó jókòó. "Mọ́mì, ẹ̀rù ń bà mí. Àmọ́ Hamburg ni mò ń lọ."

Táyọ̀ ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé e lọ fún ìdánwò náà, ilé ìyá Táyọ̀ ní Lurup lọmọ náà sì sùn sí. Mo pe Táyọ̀ nígbà tí wọ́n wà lójú ọ̀nà, mo ní kó jẹ́ kí n bá Mofẹ́ sọ̀rọ̀, kó dá mi lójú pé òun ló wà nínú mọ́tò. Bàtà yẹn ṣì ń dán lójú mi. Nígbà tí Hamburg ní àwọn gbà á, Bọ́sẹ̀ sunkún lórí fóònù débi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mofẹ́ ṣe M-Kurs, máàkì rẹ̀ dára, yunifásítì sì gbà á fún Pharmazie.

Nítorí náà, ẹ má bi mí mọ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì wo ló lórúkọ. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀, àti ibi tí ìwé wọn ń múni dé. Ẹ má sì gba èyí gbọ́ torí pé èmi ni mo sọ ọ́.

Nígbà ìsinmi tó kọjá, Mofẹ́ ń kọ́ṣẹ́ ní Apotheke kan ní Lurup. Kì í ṣe ti Frau Behnke, awò ojú ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ó wá kí mi ní Reinickendorf, ó gbé ike kékeré kan sórí tábìlì. Ó ní ìpara ni, fún orúnkún mi, òun lòun pò ó. Mo yí ike náà síhìn-ín sọ́hùn-ún. Kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Ní ilé iṣẹ́ tèmi, inú pàǹtírí ni irú rẹ̀ ń lọ.

Mo ní, "Kí nìyí?"

Ó ní, "Tí mo bá kọ ọ́ sí i, ṣé ẹ máa gbà á gbọ́?"

Mo gbóòórùn rẹ̀. Mo fi díẹ̀ sí ẹ̀yìn ọwọ́ mi, mo dúró, mo wò ó lójú iná, ọmọ náà sì ká ọwọ́ sáyà bó ṣe ń wò mí. Nígbà tó pẹ́, mo ká aṣọ sókè, mo fi í pa orúnkún mi méjèèjì.

"Mọ́mì Berlin, ṣé mo yege?"

Mo ní kó jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ ná.